Ipa Ìgbálẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Káfíńtà

Eérú ló ń gbá. Lọ́jọ́ tí Télọ̀, ọmọbìnrin òdìkejì títì, kọ́kọ́ fojú kàn án, iná ti jó ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin káfíńtà náà kanlẹ̀. Òrùlé ti wó, ilẹ̀kùn ti di èédú. Síbẹ̀ ó dúró síwájú ibẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbálẹ̀ létòlétò bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì. Oòrùn tàn sí i léjìká. Ó ga, ó dúdú, ó sì ń súfèé.

"Wèrè ti dé àdúgbò wa," ni Télọ̀ wí. Ó pa fèrèsé dé, ó padà sórí ibùsùn.

Orí ibùsùn yẹn ló fi ṣelé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Eruku ti bo maṣíìnì rẹ̀ ní yàrá iwájú. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, òmíràn ní apá kan, kò ní ìkejì. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, á kanlẹ̀kùn títí di ọ̀sán, á mí kanlẹ̀, á sì yí padà.

Ṣùgbọ́n wèrè òdìkejì títì kò jẹ́ kó sùn. Àràárọ̀ ni ìgbálẹ̀ ń dún. Nígbà tó sú u, Télọ̀ jáde sí i tòun ti irun tí kò ya.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ̀ ń gbá gan-an? Ṣebí ṣọ́ọ̀bù yín ti jóná!"

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Káfíńtà dáhùn. "Ṣọ́ọ̀bù ló jóná. Iwájú ẹ̀ ò jóná."

Télọ̀ fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Tí mo bá jí tí mi ò ṣe nǹkan kékeré kan parí," ni Káfíńtà wí jẹ́jẹ́, "ìrònú ló máa fi mí jẹun àárọ̀. Mo máa ń tẹ́ ibùsùn, mo máa ń ṣí fèrèsé, mo máa ń gbálẹ̀. Ẹ dán an wò. Ẹ fi ibùsùn bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wà ní títẹ́, ojú á máa tì yín láti padà sórí ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Télọ̀ tẹ́ ibùsùn. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ṣí fèrèsé. Nígbà tó tún yá, ó nu maṣíìnì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìró maṣíìnì dé òdìkejì títì, Káfíńtà sì gbé ìfé rẹ̀ mì kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, tí "ẹ" di "o". Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń dìde ní pákó kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ń dìde. Nígbà tí Télọ̀ kọ́kọ́ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Káfíńtà pariwo.

"Ọwọ́ òsì! Ṣé ò ń gbá ìdọ̀tí lọ ni àbí ò ń pè é wá?"

"Ìwọ tó o fọwọ́ ọ̀tún gbá a, ṣé iná ò jó ọ?"

"Ọlọ́wọ́ òsì mi," ló wí. Látọjọ́ náà, kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Àmọ́ nígbà tí Káfíńtà lọ tọrọ rẹ̀ láti fẹ́, ojú Tíṣà le.

"Mi ò kórìíra rẹ," ni Tíṣà sọ. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kòtò ni. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ṣubú, ṣé o ò ní fà á padà síbẹ̀? Jẹ́ kí n máa wò ọ́ ná. Láàárọ̀ Sunday tó ń bọ̀, màá wá fún ọ lésì."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Tíṣà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá. Ilẹ̀ ló máa ń wò.

Nígbà tó ku ọ̀la, ayùn ya Káfíńtà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì rán an, ó ní kò gbọdọ̀ fi gbé nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàárà tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ti ránṣẹ́ pé òun ń gbé iṣẹ́ òun lọ síbòmíràn.

Láàárọ̀ Sunday, ìdákẹ́rọ́rọ́ ló jí Télọ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé: ewé àti ìyẹ̀fun pákó kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ní pálọ̀, bàbá rẹ̀ ti ń wá bàtà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló bá jáde. Ó sáré sọdá títì, ó já ìgbálẹ̀ gbà lára ògiri, ó gbá, ó gbá. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri.

"Dìde."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Mo rí i. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Oníbàárà ti lọ. Bàbá ẹ náà ń bọ̀ wá lé mi. Kí ni mo fẹ́ dìde sí?"

"Ibùsùn. Tẹ́ ibùsùn, mi ò ní kó o ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọwọ́ kan ló kù fún mi."

"Tèmi á ṣe ìkejì, olówó orí mi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Ó di etí aṣọ kan mú, Télọ̀ di ìkejì mú, wọ́n nà án. Wọn ò tíì tẹ́ ẹ tán tí ẹnì kan fi wúkọ́ níta.

"Ilẹ̀ mọ́ lónìí," ni Tíṣà wí nígbà tí wọ́n jáde bá a. "Ta ló gbá a?"

Télọ̀ ṣẹ́jú sí Káfíńtà: sọ pé ìwọ ni! Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó di ọkọ rẹ̀. Káfíńtà wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́, sà. Mi ò lè dìde lónìí. Mo ti jọ̀wọ́ ara mi."

Télọ̀ di ojú.

"Mo mọ̀," ni Tíṣà wí. "Ipa ìgbálẹ̀ tìrẹ, apá òsì ló máa ń tẹ̀ sí. Ti òní tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń gbálẹ̀ báyẹn. Mo fi ẹgba lé e títí ní kékeré pé kó lo ọwọ́ ọ̀tún, kò gbọ́!"

"Bàbá, ẹ má bínú..."

"Ta ló ń bínú?" Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ tí mò ń kanlẹ̀kùn fún títí di ọ̀sán ló sáré jáde kí n tó wọ bàtà tán! Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá ṣubú, á fà ọ́ lulẹ̀. Mi ò rò ó rí pé ìwọ lo máa fà á dìde." Ó kọjú sí Káfíńtà. "Irọ́ wà níbẹ̀ tó o lè pa, o ò pa á. Ọkọ ọmọ mi, ẹ wá dájọ́."

Wọ́n dájọ́, ọwọ́ Káfíńtà jinná, ọjọ́ sì pé. Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó, Tíṣà jáde bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró. Ipa ìgbálẹ̀ kan wá láti ọ̀tún, òmíràn wá láti òsì, wọ́n pàdé láàárín gan-an, lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé, maṣíìnì ń dún, ẹnì kan sì ń súfèé.

Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kó má baà tẹ̀ ẹ́.