Ibi tí Omi ti Tòrò

"Kí á má dà bí àlejò." Ohun tí Luqman ọmọ mi wí nìyẹn, ó lẹ bébà kan mọ́ ara fíríìjì.

Ọjọ́ Àìkú ni, nínú ilé wa ní Rexdale, ní Toronto, ilẹ̀ Kánádà. Àpótí mẹ́ta wà nílẹ̀ pálọ̀. Luqman, Hameedah ìyàwó rẹ̀, àti Ayọ̀mipọ̀ ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú kékeré kan létí òkun ilẹ̀ Faransé. Èmi ni n ó ṣọ́ ilé.

Luqman ka bébà náà sókè.

"Ìkíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé fìlà tó ní ewé àsíá Kánádà. Ìkejì: bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù, a ó kọ́kọ́ kí wọn ká tó béèrè ọjà."

"Ìyẹn kì í ṣe ti Faransé," ni mo wí. "Ilé ni mo ti kọ́ ọ."

"Ìkẹta: búrẹ́dì gígùn, abẹ́ apá ni a ó há a sí. Kò sí ọ̀rá. A ó sì ti gé orí rẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà ká tó délé."

"Abẹ́ apá?" ni Hameedah wí. "Nínú ooru yìí? Búrẹ́dì olóòógùn lẹ fẹ́ kí n jẹ."

Ayọ̀mipọ̀ há bébà ìnuwọ́ sí abẹ́ apá, ó ń yan kiri pálọ̀. A rẹ́rìn-ín.

"Ìkẹrin: kò sí ẹ̀rín kèékèé ní gbangba. Hameedah, ìwọ ni mò ń bá wí."

"Ẹ kúkú fi mí sílẹ̀ ní Toronto."

"Ìkarùn-ún: ọmọ ìlú kì í ka pátákó. Ọmọ ìlú kì í béèrè nǹkan. Ibi tí àlejò bá pọ̀ sí, ká yà fún un."

N kò rí ewu nínú rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí Luqman kọ́kọ́ dé Toronto, inú òtútù Oṣù Kìíní ni, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ wo aṣọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èrò bá a rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí Luqman bá ṣìnà, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó fi wákàtí kan rìn ju kó béèrè lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n débẹ̀, Hameedah pè mí lórí fídíò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni níhìn-ín. Lọ́dọ̀ wọn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ó yí fóònù sí òkun kí n lè rí i. Èrò pọ̀ láàárín àsíá méjì, pupa lókè, yẹ́lò nísàlẹ̀. Ìgbì ń fọ́ lù wọ́n, àwọn ọmọdé ń pariwo. Àwọn ẹ̀ṣọ́ omi jókòó sórí àga gíga.

"Àwọn àlejò nìyẹn," ni Luqman wí. "Ẹ wá wo tiwa, Bàbá."

Wọ́n ti rìn jìnnà sí àsíá. Ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ìgbì ń fọ́ lápá òsì, ṣùgbọ́n láàárín wọn omi kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú bàsíà. Ó dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Pátákó kan wà níbí o," ni Hameedah wí. "Faransé ni wọ́n kọ sí i. Ṣé kí n bi ẹnì kan?"

"Ìkarùn-ún!" ni Luqman wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kò tòrò ni?"

"Ó tòrò," ni mo wí. "Ẹ wọ ibẹ̀."

Ohun tí mo sọ nìyẹn.

"Grandpa, watch me!" ni Ayọ̀mipọ̀ wí. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Wọ́n wọ omi.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bùnmi ni, tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ayọ̀mipọ̀ ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àkàbà tó yá lọ́wọ́ mi ló gbé wá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ ṣé fún..." Ojú rẹ̀ kan fóònù. Àkàbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló wà nínú omi yẹn?"

"Luqman àti Ayọ̀mipọ̀."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Hameedah! Pè wọ́n jáde!"

"Àǹtí Bùnmi? Ẹ káàárọ̀ mà. Ilé ńkọ́..."

"Má kí mi! Pè wọ́n jáde kíá!"

"Ibẹ̀ mà tòrò," ni mo wí.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, Bàbá. Gbogbo omi tí ìgbì ń kó wá sí etí òkun, ibì kan ló ń gbà padà. Ibẹ̀ náà nìyẹn. Ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Omi ibẹ̀ ń lọ ni, á sì gbé ènìyàn lọ."

Hameedah kígbe. Atẹ́gùn gba igbe náà. Luqman bojú wẹ̀yìn, ó juwọ́ sí wa. Ó rò pé à ń kí òun ni.

Mo rí i tí omi dé àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, orí nìkan ni mo rí. Orí méjì. Luqman kọjú sí etí òkun, ó ń fi ọwọ́ gbá omi. Bó ti ń gbá a tó, ńṣe ló ń kéré sí i lójú mi.

"Mò ń wọlé lọ bá wọn," ni Hameedah wí. Ó ti ń sunkún.

"O ò gbọdọ̀ wọ omi! Bí o bá wọ̀ ọ́, ẹni mẹ́ta la ó máa wá. Sáré lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ níbi àsíá."

"N ò gbọ́ Faransé, Àǹtí."

"Ta ló ń bi ọ́ ní Faransé? Pariwo! Nawọ́ sí omi!"

Ó sáré. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí iyanrìn, ó dojú kọ òkè.

Láti ìgbà náà, òfuurufú ni mo ń wò. Kò sí ìkùukùu. Ẹyẹ kan kọjá. Mo ń gbọ́ omi.

Bùnmi di etí tábìlì mú. Ó ń pe Jésù. Èmi ń pe Ọlọ́run ní tèmi.

"Ṣé yóò rántí ohun tí o kọ́ ọ?" ni mo bi í.

"N kò mọ̀, Bàbá. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọdé, ó lè gbàgbé."

Bébà ṣì wà lára fíríìjì. Mo ń wo ìkarùn-ún.

Mo pe Hameedah lẹ́ẹ̀mẹta. Iyanrìn ni ohùn mi ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ kan sáré kọjá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹnì kan fun fèrè. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́, àfi omi. Ó pẹ́. N kò wo aago. Ẹ̀rù ń bà mí láti mọ bó ti pẹ́ tó.

Iyanrìn dà sójú fóònù, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọwọ́ kan gbé e. Ojú Hameedah ni mo rí.

"Mélòó ni wọ́n yọ?" ni Bùnmi bi í.

"Méjèèjì." Ó mí kanlẹ̀. "Méjèèjì ń mí, Àǹtí."

Bùnmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọmọ náà ló kọ́kọ́ rántí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn lórí omi bí Bùnmi ti kọ́ ọ, ó sì ń pariwo mọ́ bàbá rẹ̀: "Daddy, stop fighting it! Lie down!" Luqman ti mu omi kó tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n léfòó títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé ìwòsàn ni Luqman sùn mọ́jú.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Luqman ya bébà náà kúrò lára fíríìjì.

"Èmi ni mo ní kí ẹ wọ ibẹ̀," ni mo wí.

"Èmi ni mo bi yín, Bàbá."

Ó ju bébà náà nù.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa lọ sí etí adágún Ontario, Bùnmi náà bá wa lọ. Kí Luqman tó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti lọ bá ẹ̀ṣọ́ omi, ọmọbìnrin kan tó dé fìlà pupa. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń gbé Toronto. Mo gbọ́ ohun tó sọ fún un: àlejò ni wá, a kò mọ omi yìí, níbo ni ká ti wẹ̀?

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí ibẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tó ń lọ sinmi létí omi, ní Faransé tàbí níbikíbi, ẹ há búrẹ́dì sí abẹ́ apá bó bá wù yín. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n létí omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlejò ni yín. Àárín àsíá tó pupa lókè tó yẹ́lò nísàlẹ̀ ni kí ẹ ti wẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ wà. Bí wọ́n bá ta àsíá tó pupa látòkè délẹ̀, ẹ má wọ omi rárá. Pátákó tí ẹ kò bá lè kà, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín.

Bí omi bá ń fà ọ́ lọ, má bá a jà. Dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, léfòó, na ọwọ́ kan sókè, pariwo. Bí agbára bá kù, lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà sí etí òkun. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ ni kó pè. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́, kó pe 112 ní Yúróòpù, 911 ní Kánádà.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́ ọmọ yín bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ibi tí omi bá ti tòrò láàárín ìgbì, ẹ má wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ wọ̀ ọ́ kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀.