Ilé Iṣẹ́ Tí Wọn Kì Í Ti Í Sọ Pé Ó Dára

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọba máa yan ilẹ̀kùn tuntun fún ààfin, kò sẹ́ni tó jókòó sílé nínú ìlú náà. Ogun ti parí. Ọ̀nà ti là, àwọn oníṣòwò ti tún ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn wọ̀lú pẹ̀lú iyọ̀, awọ àti aṣọ àrán. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń rán àwọn èèyàn létí ìyà tó jẹ wọ́n ni ẹnu ọ̀nà ààfin. Àwọn ọ̀tá ti dáná sun ilẹ̀kùn àtijọ́, ẹní lásán ni wọ́n sì fi bo ojú ibẹ̀ láti ìgbà náà. Kí odindi ọba máa gbé ẹ̀yìn ẹní, ẹ gbà pẹ̀lú mi pé kò bójú mu.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti oníṣòwò kan tó bá ọ̀wọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé láti ọ̀nà jíjìn. Idẹ ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀, bí oòrùn bá sì tàn sí i, èèyàn á fọwọ́ bojú. Èkejì jẹ́ ti gbẹ́nàgbẹ́nà àgbàlagbà kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Oníṣòwò náà ti bá ààfin sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá mú tòun, ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni kí wọ́n fún òun kóun fi ṣe àká ẹrù, torí pé ibẹ̀ sún mọ́ ọjà. Orí ilẹ̀ ọba sì ni ilé iṣẹ́ náà wà. Bí wọn ò bá mú ilẹ̀kùn bàbá, bàbá á kó irin iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílùú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù kì í ṣe bàbá fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì, tí ìyá rẹ̀ sọ ní Wèrèpè torí kì í jẹ́ kí ara rọ ẹnikẹ́ni.

Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ ọ ní ábídí, orin àti ìṣirò, ó sì ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti dún báyìí, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré bọ́ sábẹ́ òrùlé gbẹ́nàgbẹ́nà. Kì í ṣe pé wọ́n ń kọ́ṣẹ́ o. Bàbá kò fún wọn ní irin rí, ó ní ìka wọn ṣì wúlò fún àwọn ìyá wọn. Ibòòji ni wọ́n wá jókòó sí. Ìbéèrè kan ni bàbá sì máa ń bi wọ́n. Á gbé ère tàbí ọpọ́n tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ sókè, á ní, "Kí lo rí?" Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Kí-Lo-Rí.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn pé "Ó dára", tó sì dákẹ́ síbẹ̀, á gbé ìkòkò, ó di odò. Bàbá nílò omi tó fi ń pọ́n irin, ó sì nílò èyí tó ń wọ́n sórí igi tútù kó má baà là.

"Èmi ò bi ẹnu yín," ló máa ń wí. "Ojú yín ni mò ń bi."

Níbẹ̀rẹ̀, Wèrèpè pọnmi títí àárín orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Nígbà tó yá, ó rí i pé etí ẹṣin kan tí bàbá gbẹ́ dà sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, inú ń bí ẹṣin yìí." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹlòmíì ló pọnmi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ó ń wo ojú àpótí tí ìyá rẹ̀ ń jókòó lé dáná, ó ń wo ilà ara aṣọ, ó ń wo bí ògiri ṣe ń yí àwọ̀ padà nírọ̀lẹ́.

"Ta ló ń kọ́ ọ ní gbogbo èyí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń kọ́ mi, Ìyá. A kàn máa ń jókòó síbẹ̀ ni."

Ọba dé iwájú ilé iṣẹ́ bàbá, níbi tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn méjèèjì sí, ní ìyálẹ̀ta, nínú àrán pupa tó ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e, Balógun ló ṣáájú wọn pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ tó pín sí méjì bí ìrù ẹja. Gbogbo èèyàn wólẹ̀.

"Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí!"

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà, o kú iṣẹ́."

"Kábíyèsí, ẹ kú ìrìn o."

Bàbá ká aṣọ kúrò lójú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọba wò ó fìrí. Oòrùn ti ń mú, adé sì wúwo.

"Ó dára," ni ọba wí.

"Ó dára, Kábíyèsí," ni Balógun wí.

"Ó mà dára o," ni àwọn ìjòyè yòókù gbè é. Ọba sì ti ń yíjú sí ibi tí idẹ ti ń kọ mànà.

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni Wèrèpè dúró sí. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé ìkòkò, ó ti gbé e lé ọba lọ́wọ́.

"Ẹ gbà o. Odò wà nísàlẹ̀ ọ̀hún. Ẹ rọra gbé e tí ẹ bá ń bọ̀ o."

Ọba wo ìkòkò, ó wo olùkọ́ míṣọ́nnárì tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá.

"Olùkọ́, ṣé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ wọn nìyí?"

"Áà, rárá o, Kábíyèsí! Ábídí nìkan ni mo kọ́ ọ. Kò tilẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n parí!"

Wèrèpè ti kúnlẹ̀. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń rò. Ó rò pé òun ti ba ti bàbá jẹ́.

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Níbí yìí, ẹni tó bá sọ pé ó dára, omi ló ń pọn. Àfi tó bá sọ ohun tó rí."

"Bí mo bá sọ ohun tí mo rí ńkọ́?"

"Ẹ ti bọ́ nìyẹn."

Ọba gbé ìkòkò fún Balógun. Ó fi ọwọ́ kan di adé mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

"Mo rí iná," ló wí. "Òrùlé ààfin mi ló ń jó, lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá wá. Mo rí àwọn obìnrin. Wọ́n mà pọ̀ o! Odò ni wọ́n ti ń bọ̀, ìkòkò wà lórí wọn. Èyí pọnmọ. Èyí ò wé gèlè… áà, ó ti ká gèlè náà, ó fi ṣe òṣùká." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé Balógun àtàwọn ọmọ ogun ló paná yẹn."

Ìka ọba ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé igun ìsàlẹ̀.

"Ta ni eléyìí tó lúgọ sẹ́yìn ìkòkò ńlá?"

"Ohun tí ojú Kábíyèsí bá rí ni," ni bàbá wí.

"Irùngbọ̀n tó pín sí méjì ni mo rí."

Gbogbo ojú yí sí Balógun. Balógun, tí ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọra gbé e sókè, ó fi bo àgbọ̀n rẹ̀.

Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fi yẹ̀. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọba kọjú sí àwọn obìnrin ìlú.

"Ojoojúmọ́ lẹ ń kí mi, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Ìyá Wèrèpè, tó wà láàárín wọn, fọwọ́ kan gèlè orí rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọba pe Wèrèpè sídìí ilẹ̀kùn idẹ. "Kí ni ìwọ rí níbí?"

"Wọ́n kan ìṣó rẹ̀ dọ́gba, Kábíyèsí, ọwọ́ ẹni tó kàn án balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ara mi nìkan ni mò ń rí nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn bàbá ṣe wọ ààfin, tí bàbá sì dúró sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọba ra ti idẹ náà sí ilé ẹṣin, ó ní kí àwọn ẹṣin máa fi wojú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀. "Èmi ti sọ tèmi o. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó dára ńkọ́?" Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìlú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn ìjòyè nínú àrán bí wọ́n ṣe ń pọnmi bọ̀ láti odò.

Wèrèpè kò di gbẹ́nàgbẹ́nà. Òwú ló ń tà nígbà tó dàgbà, ó bímọ, ó rí ọmọ ọmọ. Ọba wàjà, ìjọba àjèjì dé, wọ́n sọ ààfin di kóòtù, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan tó ti di ìyá arúgbó, wọ́n pè é wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Akọ̀wé kóòtù pe orúkọ rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín àwọn obìnrin ara ilẹ̀kùn, ó ti rí ọ̀kan tí kò kíyè sí rí: omi wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ iná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí padà, ó fẹ́ sálọ.

Adájọ́ bínú. Ó ní kí ògbufọ̀ bi ìyá náà léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín ní kóòtù ìjọba.

"Ẹ ní kó wá wò ó," ni Wèrèpè wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì dìde.