Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹsẹ̀ irin ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ sáré pupa kan ni, onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé ọmọ ọdún márùn-ún lè gbọ́wọ́ lé òrùlé rẹ̀. Ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ọkọ̀ mìíràn dí i lọ́nà, ó dúró, ó sì tún gbéra láì fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka kan. Mẹkáníìkì tó ń wò ó láti abẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mánúà ni, ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà, tó sì ń fẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹni tó wà nídìí sítíárì yìí mọ iṣẹ́. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí irin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n wọ bàtà fún, tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì sì ni.

Ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé ibi tó wà. Ó fẹ́ dìde, ó sì forí gbá irin.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ọmọbìnrin tó ni ẹsẹ̀ náà wí. "Ṣé orí yín kò bẹ́?"

"Kò bẹ́, mà." Ó jáde, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wa ọkọ̀ yìí wá?"

Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ẹlòmíràn. "Ẹ bá mi wò ó. Bóyá ó ti sá pamọ́ sínú búùtù."

Ọ̀gá Mánúà ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé òun kì í fọwọ́ kan ọtọmátíìkì. Ayé ti yí, kò ṣàì mọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sáré ti ń yọ kílọ́ọ̀ṣì kúrò, ọkọ̀ ń yan jíà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní ó yára ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Òtítọ́ ni, ó yára jù ú lọ, Ọ̀gá Mánúà kì í jiyàn ìyẹn. Ohun tó máa ń sọ ni pé ọkọ̀ sáré tó ń yan jíà fún olówó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ: o kó aṣọ sí i, o tẹ bọ́tìnì, o lọ jókòó. Àwọn olówó tí ọ̀rọ̀ yìí lé lọ pọ̀, kò sì sunkún wọn.

Ọmọbìnrin náà jẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn tó wà ní òpópónà kejì. Ó ní jíà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń le. Ọ̀gá Mánúà tún un ṣe, ó gba owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ló rò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, apòògùn padà wá, ó ní òun gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀gá Mánúà wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ariwo tún dé.

"Ariwo yìí," ni Ọ̀gá Mánúà béèrè, "ṣé ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa ń ké ni?"

"Ó mọ ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọ́kọ́ wolẹ̀. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ariwo mọ́. Apòògùn á kàn wá, wọ́n á wọkọ̀, wọ́n á gba ọ̀nà tó lọ sórí òkè, níbi tí kọ́nà pọ̀ sí, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ti ní ráyè sinmi. Níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ mánúà, nígbà tí ọtọmátíìkì ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Apòògùn yí jíà sí ẹlẹ́ẹ̀kejì kó tó dáhùn. "Inú ọkọ̀ elérò ni mo wà tí mo fi ní jàǹbá. Ọtọmátíìkì ni. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ tí kò níṣẹ́ tẹ fóònù." Ó wọ kọ́nà, ó jáde nínú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí, nílé, níbi iṣẹ́, ó kàn ń gbé mi kiri ni. Àwọn ènìyàn ń wò ó, wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́. Nínú ọkọ̀ yìí nìkan ló ti níṣẹ́ tirẹ̀. Tí kò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a ò lọ síbì kankan."

Ọ̀gá Mánúà mọ̀ níbẹ̀ pé òun ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dẹ́rù bà á ju kọ́nà lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jáwọ́ nínú "ẹ" tí wọ́n ń bá ara wọn lò.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Apòògùn ń rin ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá lọ síbi ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ. Ọjọ́ kejì tó lọ ni ìyá rẹ̀ wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, obìnrin tó máa ń dáhùn ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ bi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pẹ́ dáhùn. Kò jókòó. Ó yọ aṣọ funfun kékeré kan látinú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín àwọn sípánà.

Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ náà.

"Èyí ló fi ń bo ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀," ni ìyá wí. "Ó máa ń fọ̀ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń bó awọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé o mọ̀?"

Ọ̀gá Mánúà sún àwọn sípánà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. "Mi ò mọ̀, Mà. Kò sọ fún mi rí."

"Kò ní sọ. Ọmọ mi, bó o bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, yọ nǹkan yẹn kúrò kó tó dé. Má bi í o. Bó o bá bi í, á ní rárá."

Ẹ má yára bú ọkùnrin yìí. Ẹ̀jẹ̀ ẹni téèyàn fẹ́ràn kì í ṣe ohun téèyàn ń rí kó sùn. Ó wá ọkọ̀ irú kan náà tí jàǹbá ti bà jẹ́, tó jẹ́ ọtọmátíìkì, ó ra jíábọ́ọ̀sì rẹ̀, àpótí tí jíà wà nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tó ń yìn lójoojúmọ́ kúrò nínú ọkọ̀ pupa náà. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló fi ṣe é. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Mánúà kò bèèrè. Ọ̀nà tí ìyá júwe fún un ló gbà.

Apòògùn dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ra fìlà wá fún un, ó dé e sí i lórí, ó ní ó ti wá jọ ènìyàn wàyí. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọlé sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ irin náà nà síwájú, kò bá nǹkan kan. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà á. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, bí ẹni tó rò pé òun ló jókòó wọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀pá jíà. Nọ́ńbà orí rẹ̀ ti lọ, lẹ́tà mẹ́rin ti ọtọmátíìkì ló wà níbẹ̀.

"Níbo ni kílọ́ọ̀ṣì mi wà?"

"Mo yọ ọ́. Mọ́mì fi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ hàn mí. Mi ò lè máa wò ó kí o máa..."

"Èmi ńkọ́? Ìgbà wo lo bi mí?"

Apòògùn di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ to eegun náà ni. Nígbà tí mo jí, mo na ẹsẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mọ́mì ló fọwọ́ sí ìwé nígbà tí mo ń sùn lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sọ́nà mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí n gbà, ká ní wọ́n bi mí. Wọn ò bi mí ṣáá." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Lónìí, mo tún na ẹsẹ̀."

Apòògùn jáde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ọkọ̀, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dá takisí dúró.

Kò gbé fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Jíábọ́ọ̀sì mánúà náà wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Mánúà sì mọ ohun tóun máa ṣe: òun á dá a padà kíákíá, òun á wa ọkọ̀ náà lọ bá a. Ó ti gbé jáàkì síbẹ̀, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ti tú nọ́ọ̀tì kan, kí ìbéèrè kan tó sọ sí i lọ́kàn. Èyí náà, ta ló rán an? Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó fọ ọwọ́, ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Nígbà tó kàn án, apòògùn gbójú sókè lẹ́yìn gíláàsì, ó sì gbójú wálẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Mo máa ń ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni kò rán mi."

Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí mọ́mì wá. Má bínú sí mi. Mo wá bi ọ́ ní ohun tó yẹ kí n ti bi ọ́ nígbà náà. Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí ọkọ̀ rẹ?"

Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń na etí sí wọn. Apòògùn to páálí oògùn tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Màá rò ó," ló wí. "Ẹni tó kàn."

Ní Sátidé, ó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó tóbi jù ú. "Èmi ni mo máa dá a padà," ló wí. "Ìwọ á máa na sípánà sí mi."

Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù ń ba Ọ̀gá Mánúà láti ṣàṣìṣe, gbogbo nǹkan ló ń béèrè. Ṣé kí n di ìhín mú? Ṣé kí n tan iná? Ó dé ibì kan tí apòògùn gbé orí jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Olólùfẹ́ mi, o lè mí láì bèèrè."

"Mo dúpẹ́. Ó ti ń há mi láyà."

Nígbà tó kan kílọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan wà tó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu Ọ̀gá Mánúà. "Ibo gan-an ló máa ń dùn ọ́?"

Apòògùn jókòó sórí táyà kan, ó tú ẹsẹ̀ irin náà, ó sì fi ojú egbò hàn án, ohun tí kò fi han ẹnikẹ́ni rí. Omi bọ́ lójú Ọ̀gá Mánúà, kò nù ún. Ó ní kó so ẹsẹ̀ náà padà, kó jókòó sínú ọkọ̀, kó fi ọwọ́ júwe. Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe jìnnà sí i ni ìdààmú náà, ó ní láti fi gbogbo ìbàdí tì í kó tó wọlé. Ó ti ń fara dà á tipẹ́. Mẹkáníìkì tó gbọ́n jù ní àdúgbò kò sì mọ̀, nítorí kò bèèrè.

"Sún un mọ́ mi," ni apòògùn wí. "Sí i. Ó pọ̀ jù. Ibẹ̀ yẹn."

Wọ́n sún kílọ́ọ̀ṣì náà mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, wọ́n sì fi sípíríǹgì tó rọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n di nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, Ọ̀gá Mánúà kò dìde nílẹ̀.

"Mo tún ní ìbéèrè kan. Kò kan ọkọ̀."

Apòògùn wò ó, ó sì mọ ìbéèrè náà. "Bi mí níwájú mọ́mì mi," ló wí. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa dáhùn."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, apòògùn wa ọkọ̀ náà lọ sílé ìyá rẹ̀, Ọ̀gá Mánúà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó wá bá ọkọ̀ láìní kílọ́ọ̀ṣì. Ìyá ń gbá iwájú ilé, ó rí i tí ọkọ̀ pupa wọlé, ó rí ẹsẹ̀ òsì tó kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O tún dá a padà?" Ọkùnrin náà ló kọjú sí.

"Òun ló dá a padà, Mà. Òun ló sọ bó ṣe fẹ́ ẹ."

"Kò dùn mí mọ́, mọ́mì," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ó yọ aṣọ funfun tó fi wa ọkọ̀ náà lánàá jáde látinú báàgì. Funfun báláú ni.

Ìyá gba aṣọ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan.

"Mà," ni Ọ̀gá Mánúà wí, ó tẹrí ba, "ọmọ yín ni mo wá bi ní ìbéèrè níwájú yín. Mo fẹ́ kó jẹ́ aya mi."

Ìyá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti mí èémí tí yóò fi sọ ọ́, apòògùn sì ń wo ẹnu náà láìṣẹ́jú. Kò sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ló wí. "Kí ni ìwọ fẹ́?"

Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀, àní òun fúnra rẹ̀ kò retí rẹ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án, apòògùn kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ," ni ìyá wí, "ǹ bá ti ní kí wọ́n dúró títí wàá fi jí. Ẹ̀rù bà mí pé wàá kú. Ó yẹ kí n ti bi ọ́."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó gbé ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú aṣọ náà láàárín wọn.

"Mo gbọ́, mà," ló wí. "Mo fẹ́ ẹ."