Ọ̀rá Ara Ọkọ̀ Dádì

Ẹsẹ̀ méjì péré ni Bọ́lárìnwá kọ́kọ́ rí lára Àkàngbé. Ìyókù wà nínú ọkọ̀ bàbá ọmọbìnrin náà, níwájú ilé wọn ní Sùúrùlérè, lọ́dún 1974. Nígbà tó yọrí jáde tó rẹ́rìn-ín, Bọ́lárìnwá, tíṣà tó ń kọ́ ogójì ọmọ lójoojúmọ́, gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ni Àkàngbé ní Pápá Àjàó. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Jámánì náà palẹ̀ kó tó dé, pàbó ni. Àkàngbé ní irú ọkọ̀ tuntun yìí ní àpótí kékeré kan tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì, ọpọlọ ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Ó tọ ipa wáyà rẹ̀ títí wáyà náà fi wọ ẹ̀yìn pátákó tó bo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

Wàhálà dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláolú, bàbá Bọ́lárìnwá, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀rá tó bá ọkọ̀ náà dé láti ìlú òyìnbó. Ó ti pé ọdún méjì, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó àti pátákó! Ó ní kí Àkàngbé máa lọ, ta ló gbọ́ ọ rí pé ọpọlọ wà nídìí?

Ọkọ̀ dúró, ìfẹ́ ò dúró. Oṣù márùn-ún ni Àkàngbé fi ń sin Bọ́lárìnwá délé láti ilé ìwé rẹ̀ ní Yábàá. Tíṣà mi ló ń pè é. Bí Bọ́lárìnwá bá ní Àkàngbé ń rùn bí epo, Àkàngbé á ní tíṣà náà ń rùn bí ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n kúkú fẹ́ra wọn. Ṣùgbọ́n bàbá ní òun ò ní fọmọ fún rewáyà tí kò mọ ibi tí ọpọlọ ń gbé.

Bọ́lárìnwá sunkún títí, ẹkún wá di ìbínú. Ní Sátidé kan, ó ránṣẹ́ pe Àkàngbé, ó sì mú sísọ́ọ̀sì jáde lójú bàbá rẹ̀.

“Bí àpótí náà kò bá sí níbẹ̀, Dádì, mi ò ní dárúkọ Àkàngbé mọ́ nínú ilé yìí.”

Ó gé ọ̀rá náà ṣáá. Àkàngbé ṣí pátákó. Àpótí náà rèé! Omi òjò tí ọ̀rá há mọ́ inú ti jẹ́ kí ẹnu wáyà dípẹtà. Ó nù ún, ó sá a sóòrùn, ó dá a padà, ó wá na kọ́kọ́rọ́ sí Bọ́lárìnwá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí i tí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláolú bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá tó kù. Nígbà tó yá, ó bi Àkàngbé pé, “Ìgbà wo làwọn òbí rẹ ń bọ̀ wá rí mi?”

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Sátidé tó ń bọ̀, sà.”

“Ọ̀la ńkọ́,” ni Bọ́lárìnwá wí, “lẹ́yìn ìsìn?”