Lọ́rì Ata Tó Kù fún Ọ̀yìngbò

Gbàgà! Táyà lọ́rì já sínú kòtò lábẹ́ bíríìjì Ìjọra.

"Ẹ gùn ún! Ẹ gùn ún kíá!"

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Àwọn mẹ́ta bẹ́ sẹ́yìn lọ́rì, ìbòjú dúdú lójú wọn. Gbì! Gbì! Gbì! Apẹ̀rẹ̀ ata rodo ń já sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí títì yẹn dára, ṣe ni lọ́rì ata máa ń tò wọ Ọ̀yìngbò. Títì bàjẹ́, lọ́rì ń rọra rìn níbẹ̀, olè rí àyè gùn wọ́n. Àwọn dírẹ́bà bá kó ata lọ sí ọjà Mile 12. Ata Ọ̀yìngbò wọ́n gógó, àwọn oníbàárà láti Yábàá àti Sùúrùlérè sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ta ni yóò ra ọ̀wọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ wà níwájú?

Dírẹ́bà kan ṣoṣo ló kù, Àlíyù. Òun náà sì ti búra fún àwọn ìyá aláta: bí olè bá tún gun lọ́rì òun, ó parí nìyẹn.

Olè ló gùn ún yìí o!

"Dírẹ́bà, gbórí ẹ sílẹ̀!" Mùíz, ọ̀gá wọn, yìnbọn sókè. Gbòlà! "Gọ́ọ̀mẹ̀ntì ò tún títì yìí ṣe, àwa la ni ín! Àwa ni kọ́sítọ́ọ̀mù ibí!"

Fìììì! Fèrè dún. Mùktárù, olórí ẹ̀ṣọ́ ọjà, ti dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Vúùùù! Gbàù! Gbàù!

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń gba ojú irin lọ!" ni ẹ̀ṣọ́ kan ké sí i.

"Ẹ lé wọn! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ!"

Ọwọ́ tẹ àwọn méjì lójú irin. Mùíz já wọ inú ọjà Ọ̀yìngbò, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Àfẹ́ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ojú ẹ̀dá kò ní rí i, bí kò bá ṣáà ti la ẹnu.

Lóòótọ́, ẹ̀ṣọ́ kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó. Bóyá àfẹ́ẹ̀rí ni o, bóyá èrò ọjà ló pọ̀, èmi ò mọ̀. Orí Mùíz ṣáà wú.

Gbàà! Ó kọ lu ìyá aláta kan, ìyá ṣubú sáàárín apẹ̀rẹ̀ òfìfo.

Kó tó ronú, Mùíz ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tìbọn-tìbọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà! Ẹ dákun, ẹ má bínú!"

Yéè! Ẹ̀kọ́ ilé ba oògùn jẹ́! Gbogbo ìsọ̀ ló yíjú wò ó.

"Mùíz?" ni ìyá náà pè, ó ti dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Àǹtí Ìdíátù ni, àbúrò ìyá rẹ̀. Ata ló tà tó fi tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú.

Mùktárù dé, ó tẹ ìbọn mọ́lẹ̀, ó já ìbòjú kúrò. Mùíz kò lè gbójú sókè. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Àǹtí, mi ò mọ̀ pé ata yín ni."

"Ta wá lo rò pé ó ni ata Ọ̀yìngbò?"

Lọ́rì Àlíyù wọlé. Ó já ìwọ̀nba tó kù sílẹ̀, ó sì padà sídìí ọkọ̀.

"Àlíyù, wọ́n ti mú wọn!" ni àwọn ìyá ń kígbe. "Jọ̀ọ́, má lọ!"

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá. Ẹ mú olè, ẹ ò mú kòtò. Olè mìíràn ń bọ̀. Láti òní lọ, Mile 12 ni."

Lọ́rì yíjú padà. Vúùùù! Àwọn ìyá wò ó títí ó fi lọ, wọ́n wá yíjú sí Mùíz.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi kúrò níbí," ó ń bẹ Mùktárù. "Ẹ lọ nà mí níbòmíì."

"Ọmọ ta tiẹ̀ ni?" ni ìyá kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

Àǹtí Ìdíátù tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú ara rẹ̀.

"Ọmọ mi ni," ó dáhùn lábẹ́ aṣọ.