Ìjẹ́wọ́ Ìyá Ọláyanjú

Ìléríolúwa, ọmọ oṣù méje, sùn lọ́sàn-án Sátidé nílé wọn l'Ókè-Àfà, kò sì jí mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò húkọ́. Wọn ò tíì sin ín tán tí àwọn ará ilé ti ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò jìnnà: ìyá àgbà inú ilé náà ni, ìyá tó bí Ọláyanjú, bàbá ọmọ. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń jáde ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ bá àwọn lékeléke sọ̀rọ̀ létí kànáàlì. Ó ń fi iyọ̀ sí tíì. Ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé ara ìyá yìí kò yá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ti àìsàn nígbà tí ọ̀rọ̀ àjẹ́ dùn lẹ́nu? Kúnbi, ìyàwó Ọláyanjú, ní bí ìyá kò bá kúrò nílé, òun á kúrò.

Wọ́n mú ìyá lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ebi pa á, tí wọ́n ń nà án pé kó jẹ́wọ́. Ọláyanjú, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló dì í lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ní òun lòun pa á, àwọn aláìlójútì sì pàtẹ́wọ́.

Ọmọlará, àbúrò Ọláyanjú, ló já wọlé láti Jákáńdè.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ pa Ìléríolúwa?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ pa Ọmọlará?"

"Èmi ni mo pa á."

Ọmọlará yíjú sí wọn. "Èmi Ọmọlará rèé. Òkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Dókítà kọ́kọ́ bi í ní oríṣiríṣi ìbéèrè, kò rántí iye ọmọ tó bí. Wọ́n wá ní kó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ aláriwo kan tó ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, láìfi abẹ kàn án. Nígbà tí àwòrán jáde, ibi tí ìrántí ń gbé ti súnkì. Dókítà ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àrùn ìgbàgbé ti ń jẹ ẹ́. Ohun tó pa ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ọmọlará ju àwòrán náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kó lọ fi han wòlíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọláyanjú wá bá wọn nílé Ọmọlará ní Jákáńdè láti tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì na ọwọ́ kó lè di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má nà mí mọ́. Èmi ni mo pa á."