Omi Inú Ihò Keje

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò keje, ó ti rúlà bọ inú omi, ó wo ibi tí omi dé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ku ìgbà méje. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fi sí àárín ìgbà kan sí èkejì, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ó gbójú sókè wo ilẹ̀ gbalasa náà. Èèkàn pupa, okùn àti koríko nìkan ló rí. Láti àárọ̀, aláǹgbá kan ṣoṣo ló ti wá kí i, òun náà kò sì jókòó pẹ́.

Bàbá rẹ̀ àgbà ló ni iṣẹ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi ṣe wolé-wolé, tó ń yẹ ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onílé wò, kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ ńlá sí púlọ́ọ̀tì fún ilé gbígbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá. Níbi tí kò bá ti sí páìpù ìjọba tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ, onílé kọ̀ọ̀kan ló máa gbẹ́ sọ́kàwéè tirẹ̀, kí omi ilé ìwẹ̀ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa lọ sínú rẹ̀, kí ilẹ̀ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan ń mu omi, òmíràn kì í mu. Bàbá ló ń wádìí èyí tó ń mu kí ẹnikẹ́ni tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ihò kan ni wọ́n ń gbẹ́ sí púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á sì máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Orúnkún kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ náà sì ti ń ṣe bàìbàì, ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá di ẹsẹ̀ àti ojú fún un nígbà ìsinmi ilé ìwé.

"Ìyàwó mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi pè é ṣeré, "ilẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ, irọ́ ló kọ́kọ́ máa ń pa fún èèyàn. Á gbé omi mì kàló, wàá rò pé ilẹ̀ gidi ni. Dúró tì í kó yó. Ìgbà tó bá yó tán ló máa sọ òótọ́."

Ọmọ náà gbọ́. Ohun tí kò sọ fún bàbá ni pé òùngbẹ ń gbẹ òun náà. Oṣù karùn-ún rèé tí ìyá rẹ̀ ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè, tó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Ilé ìwé tuntun tó wà, kò sẹ́ni tó ń bá a jókòó nígbà ìsinmi ọ̀sán. Yóò jẹun tán, yóò ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú báàgì, kí wọ́n má baà rí i pé kò ní ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Ó dá wà, ó sì ń dùn ún wọra.

Ibi tó wà nìyẹn tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan nínú kíláàsì rẹ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà. Ààrò Mẹ́ta ni àwọn tíṣà ń pè wọ́n, torí o ò lè rí ọ̀kan kó o má rí méjì yòókù. Wọn kò kí i rí. Lọ́jọ́ yẹn, èyí tó ga jù lára wọn dúró.

"Ẹja lò ń dẹ nínú ihò yẹn ni?" ó bi í. "Máa bọ̀, jẹ́ ká lọ ya fọ́tò lórí afárá."

Ó ní òun ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ga náà ní kò burú, ó yíjú padà. Ọmọ náà wo ihò keje, omi ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kíákíá bíi ti ihò kẹfà tó kà lánàá. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé okùn kan péré ló pààlà láàárín méjèèjì, kí ló wá fẹ́ yàtọ̀? Ó fa bírò yọ, ó da ohun tó wà lábẹ́ ihò kẹfà kọ sábẹ́ ìkeje, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì sáré tẹ̀ lé wọn.

Lórí afárá, wọ́n gbé fóònù lé e lọ́wọ́ pé kó máa ya àwọn. Fọ́tò mọ́kànlélógún ló yà, kò sì sí nínú ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n gba fóònù wọn, wọ́n ṣe "o ṣé o," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nírọ̀lẹ́, bàbá bi í bóyá ó dúró dé òpin. Ó ní òun dúró. Bàbá fọwọ́ sí ìwé náà láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti ọmọ yìí kò tó ogún ọdún rárá. Ọdún kejì ni òjò bá a.

Ẹni tó ni àwọn ilẹ̀ náà ló ránṣẹ́ pe bàbá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì dì í lọ́wọ́ mú lọ. Ilé ti kún ibẹ̀. Àgbàlá gbogbo wọn gbẹ, àfi ti púlọ́ọ̀tì keje. Omi dúdú ti rú jáde láti inú sọ́kàwéè, ó tàn ká iwájú ilé, òórùn rẹ̀ sì ń lé èèyàn sẹ́yìn. Obìnrin kan tó pọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti kan ilẹ̀kùn wa," ó ní. "Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo aládùúgbò ń gbà kọjá. Mi ò mọ ẹnì kankan níbí tẹ́lẹ̀. Mo rò pé màá rí ọ̀rẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ náà lọ́kàn. Ó mọ bó ṣe ń rí. Ohun tó ń sá fún gan-an ló ti kó bá ẹni ẹlẹ́ni.

Onílẹ̀ kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ogbó ti dé sí bàbá, òun máa wá ẹlòmíràn. Bàbá kò jà. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ó dúró, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ojú mi ni," ó ní. "Mo ti ń fura sí i. Ó tó kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan? Kò sẹ́ni tó fura sí ọmọ náà. Bó bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, bàbá nìkan ló máa gbé e kú.

"Bàbá àgbà, ojú yín kọ́. Èmi ni. Mi ò ka ihò keje tán. Ti ìkẹfà ni mo dà kọ síbẹ̀, mo wá lọ bá àwọn kan ya fọ́tò."

Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Kò sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà mọ̀ pé èèyàn lè jókòó ti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kó sì dá wà ju ti orí pápá lọ. Nígbà tó ṣe, bàbá gbé rúlà àti ìwé sórí tábìlì.

"Fẹnu ara rẹ sọ fún wọn," ó ní. "Lẹ́yìn náà, ká lọ tún un ṣe."

Ó sọ fún onílẹ̀. Onílẹ̀ pòṣé, kò sì pe bàbá síṣẹ́ mọ́ títí dòní. Ó sọ fún obìnrin náà. Ìyẹn wò ó títí, ó ní òun ti gbọ́, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n gbẹ́ ihò mìíràn síbi tó mọ́ nínú ọgbà náà, wọ́n bu omi kún un, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó yó. Ọmọ náà wá kúnlẹ̀, ó ń kà á. Ìgbà kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Omi kò fẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Amọ̀ ni ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn bíi ti ìkẹfà. Bàbá ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa fi páìpù gbé omi ilé náà lọ sí ilẹ̀ iyanrìn tó ṣófo lẹ́yìn àwọn ilé. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹfà, ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin náà gbé àpótí kékeré kan jáde, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò.

"Jókòó," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù."

Òun náà jókòó sórí pèpéle, ó gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n jọ ń wo omi tí kò lọ síbì kan, títí ọmọbìnrin náà fi kà á dé ìgbà kẹjọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ mi, òùngbẹ ẹgbẹ́ máa ń gbẹ èèyàn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má torí òùngbẹ mu ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi sí ọ lọ́wọ́, dúró tì í títí dé òpin, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tó ń wò ọ́, torí ẹnì kan ń bọ̀ wá kọ́lé lé e lórí.